Àwo Kan Ṣoṣo Tó Kù

Omi bátìrì ló ta sí ìyá Àdìjátù lójú. Ojú ọ̀tún fọ́ pátápátá, òjìji nìkan ni tòsì ń rí. Látìgbà náà, Àdìjátù, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ganaja, kì í fi í sílẹ̀ nílé mọ́. Wọ́n á jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Ìyá á gbé kúlà oníyìnyín tó fi ń ta ẹja létí odò tẹ́lẹ̀ dání, á jókòó ti àpótí iná tó ń mú nǹkan móoru, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yàrá àyẹ̀wò, á máa fún àwọn èèyàn lómi tútù. Kò sẹ́ni tó ra ẹja jíjẹrà lọ́wọ́ obìnrin yìí rí, ó sì máa ń fi yangàn.

Inú àpótí yẹn ni ìrètí wọn wà. Wọ́n ha awọ díẹ̀ nínú ẹnu ìyá, wọ́n gbìn ín sínú àwo pẹlẹbẹ mẹ́ta tí wọ́n fi oògùn kan pa nísàlẹ̀. Bí àwo bá móoru bí ara èèyàn, awọ á lẹ̀ mọ́ ọn, á máa dàgbà. Tó bá gbó tán, wọ́n á jẹ́ kó tutù, á sì tú kúrò lódindi, kí dókítà fi bo ojú. Àmọ́ bó bá tutù ṣáájú àkókò, wẹ́wẹ́ ni yóò tú. Àlàyé yìí gùn jù fún ìyá. Àdìjátù kàn sọ fún un pé ẹran ara rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Awọ inú àwo méjì ti tú wẹ́wẹ́. Àdìjátù kò jẹ́ kí ìyá gbọ́, kó má baà banú jẹ́. Iná ò lọ, ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Ìgbà tó bá lọ kírun Àyìlà ni nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ta ló ń kù síbẹ̀? Ṣèyí ni, ọmọ ìlú Agbaja tó ń bá a ṣiṣẹ́, tó sì ń wá ipò rẹ̀. Àdìjátù pè é síta.

"Ta ló ń ṣí àpótí yẹn?"

"Àǹtí, mi ò mọ̀ o! Màmá máa ń ní kí n lọ jẹun, mo sì máa ń lọ."

"Má fi ìyá mi bojú, jàre!"

Ó fẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá wọn, wọ́n ní kí Ṣèyí lọ rọ́kún nílé. Ó dọ̀bálẹ̀ dágbére fún ìyá.

"Ọmọ dáadáa nìyẹn o," ìyá wí.

Àdìjátù pòṣé. Ìyá òun ò mọ èèyàn burúkú.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti ilẹ̀kùn pa níta kó tó lọ kírun. Ó pẹ́ lórí àdúrà, ojú ìyá rẹ̀ ló ń bẹ Ọlọ́run fún. Nígbà tó dé, ó gbé àwo tó kẹ́yìn sójú ìmọ́lẹ̀. Wẹ́wẹ́! Ó wó lulẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ìyá na ọwọ́, ó fi pa á lẹ́yìn, ọwọ́ náà sì tutù rinrin.

"Dákẹ́, Àdìjá mi," ó wí, "ṣebí gbogbo ìgbà tó o bá lọ kírun ni mò ń bá ọ gbé ẹran ara mi yẹn sórí yìnyín díẹ̀, kó má baà jẹrà nínú ooru tẹ́ ẹ fi í sí."