Bọ́ọ̀sì Ẹ̀yìnkùlé

Nígbà tí ìyá ra bọ́ọ̀sì àlòkù kan, tó ní kí wọ́n wọ́ ọ wá sí ẹ̀yìnkùlé, ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ fẹ́ di dírẹ́bà lọ́jọ́ ogbó yín ni?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́ di ibùgbé," ni ìyá wí. "Kéèyàn lè sùn nínú ẹ̀, kó sì lè dáná."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu ọmọ. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó wo ilẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti kó dé. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ ni, káwọn tó rílé. Ìyá ló kọ́ ilé náà. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló jókòó sí tó fi kọ́ ọ. Awọ ló ń rán bo ìjókòó ọkọ̀ látìgbà tó ti ń pọn ọmọ yìí sẹ́yìn. Yàrá méjì ni. Ìyá ló ń sùn nínú èyí tó tóbi. Èyí kejì kò gbà ju bẹ́ẹ̀dì lọ, ìyàwó a sì máa sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé inú páálí làwọn ń sùn. Tẹlifíṣọ̀n wọn wà ní pálọ̀, kì í sì í panu dé títí àkùkọ fi ń kọ. Bí ìyá bá ti ibi iṣẹ́ dé, abọ́ tí wọ́n fi jẹun ló máa ń kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Á bọ́ bàtà, á fọ abọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Báyìí, tó bá fọ abọ́ tán, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ. Ó tú àwọn ìjókòó àtijọ́. Ó fa kápẹ́ẹ̀tì tó ti ń rùn tu, ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà títí apá rẹ̀ fi kú. Ó ki fóòmù sára ọkọ̀ kí ooru má baà wọlé, ó wá fi pákó bò ó. Nígbà mìíràn á kàn jókòó sílẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, òòlù lọ́wọ́, á máa wo ọ̀ọ́kán, kò ní kan nǹkan kan.

Obìnrin ilé kejì yọrí lókè ògiri.

"Ilé tó o fi òógùn ojú ẹ kọ́ lo fẹ́ fi sílẹ̀, kó o wá máa sùn bí ẹrù nínú ọkọ̀?"

"Ẹni tó bá sùn níbẹ̀ á sùn dáadáa."

"Ojú ló ń tì ọ́. Lé wọn síta, jàre!"

"Ọmọ mi ni," ni ìyá wí. "Mi ò lè ní kí ọmọ mi máa sùn níta."

Ó padà sídìí pákó rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí káfíńtà wá kan bẹ́ẹ̀dì, ìyá pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá dùbúlẹ̀, kí wọ́n lè fi í wọn gígùn bẹ́ẹ̀dì náà.

"Mọ́mì, ẹ ò dé èjìká mi o."

"Ìwọ lo gùn jù nílé yìí. Tó bá gba ìwọ, ta ni kò ní gbà?"

Ó dùbúlẹ̀, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ. "Háà, ó dùn o. Àfi bí òtẹ́ẹ̀lì!"

Káfíńtà fẹ́ kan àtẹ̀gùn kékeré sí ẹnu ọ̀nà nítorí orúnkún ìyá. Ìyá ní kó fi sílẹ̀. Nígbà tó kan pẹpẹ ìdáná, ó ga dé àyà ìyá.

"Ìyá, ẹ máa gun àpótí kẹ́ ẹ tó rí inú ìkòkò."

"Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Káfíńtà mi orí. Ó gbà pé àárẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó mi, àwọ̀ wo ló yẹ ká fi ṣe kọ́tìnì?" ni ìyá bi ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Pupa, Màmá. Pupa tó ń tàn yòò."

Ìyá kò fẹ́ràn pupa láyé rẹ̀. Ó rán pupa.

Ọmọ fúnra rẹ̀ ló lọ mú mẹkáníìkì wá, ó sì dúró tì í títí ẹ́ńjìnnì fi dáhùn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe nínú ilé náà nìyẹn. Ìyá ní kó wà á yípo àdúgbò, kó mọ ọwọ́ ẹ̀. Nígbà tó fi máa dé, ìyàwó ti wà nínú yàrá ìyá, ó ń fi téèpù wọn ògiri. Ìyá ló bá a di etí kejì téèpù náà mú.

"Màmá, ẹ ò bínú ṣá?"

"Ó ti rẹ̀ mí kọjá ìbínú, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ Sátidé, tọkọtaya jáde lọ wo bẹ́ẹ̀dì ńlá tí wọ́n fẹ́ gbé sí yàrá náà. Nígbà tí wọ́n padà dé, bọ́ọ̀sì ti wà lẹ́nu géètì, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti fa aṣọ bo fèrèsé rẹ̀. Ìyá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń nu òógùn. Obìnrin ilé kejì náà ń laagùn, ó ń gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀.

Ìyàwó dì mọ́ ìyá, ó tiẹ̀ sunkún díẹ̀. Ọmọ gbé ohùn àdúrà sókè.

"Mọ́mì, ẹ ṣé tẹ́ ẹ gba tiwa rò. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ̀nà. Àlọ ire, àbọ̀ ire. Ibi téèyàn bá sùn sí, á jí níbẹ̀."

"Àmín," ni ìyá wí. "Àmín o, ọmọ mi."

Ó rọra dìde, ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé e lọ́wọ́, ó ní, "Ẹrù yín ti pé nínú ẹ̀, ẹ máa rọra wà á o," ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.