Ajá Inú Àpótí Atẹ́gùn

Lẹ́yìn tí Fadérera wẹ ajá rẹ̀ tán, ó gbé e sínú àpótí atẹ́gùn onígíláàsì tó ń mú kí ara ẹran gbẹ, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, nítorí ìjọba ti fòfin de fífi aṣọ nu ẹran ọ̀sìn. Ilẹ̀kùn àpótí pa dé, ó sì tì fúnra rẹ̀. Atẹ́gùn náà kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò pẹ́ tó fi ń jóni bí iná. Ajá ń ké, ó ń forí gbá gíláàsì.

"Ṣílẹ̀kùn!" ni Fadérera pariwo.

"Ó ku díẹ̀ kó gbẹ. Ẹ ṣe sùúrù," ni ohùn ẹ̀rọ inú àpótí náà dáhùn.

Fadérera ki ọmọ odó mọ́lẹ̀. Láṣọrẹ, ọkọ rẹ̀, dì í lápá mú. "Bó o bá fọ́ ọ, ọlọ́pàá á mú wa!"

Fadérera já ara rẹ̀ gbà, ó sì fọ́ gíláàsì náà yángáyángá. Bó ṣe ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ajá tí ìbẹ̀rù ti sọ di ẹhànnà bù ú jẹ dé eegun, àmọ́ Fadérera kò fi ajá náà sílẹ̀ títí tó fi fà á jáde.

Àwọn ọlọ́pàá tí àpótí náà ti ké sí ti dé, wọ́n ń jálẹ̀kùn ilé. Láṣọrẹ wo ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó wo ajá tó ń gbọ̀n. Ó bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ajá náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.