Ọkùnrin Tí Kò Gbà Láti Kú

Ìgbéraga ni àrùn tó ń ṣe Grady Pruitt. Bí wọ́n bá gbé e ṣánlẹ̀, á ní òun fẹ́ wo ilẹ̀ ni. Ọkọ̀ ló ń tà nílùú Wichita, ní ìpínlẹ̀ Kansas, nínú ilé ńlá kan tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń fẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Bí oṣù keje bá ti wọlé, nígbà tí oòrùn ibẹ̀ máa ń mú jù, á gbé ẹ̀wù irin wọ̀, á kó ogójì èèyàn sẹ́yìn, ó di pápá tí àwọn ará Kansas ti máa ń ja ogun ayé àtijọ́.

Ogun eré ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe eré ọmọdé. Pankẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe idà, àṣíborí irin sì wà lórí oníkálukú. Adájọ́ kọ́ ló ń sọ ẹni tó kú. Ẹni tí idà bá bà dáadáa ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Mo ti kú." Á lọ síbi okùn tí wọ́n fi pààlà létí pápá, á mu omi, á sì padà wá jà. Bí olórí ogun bá sọ ọ́, ogun parí. Ìtìjú ọmọlúàbí ni àwọn àgbà gbé gbogbo eré náà lé.

Ìtìjú yẹn gan-an ni Grady kò ní. Ọdún méje ló fi jẹ́ olórí ogun, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ "mo ti kú" lẹ́nu rẹ̀ rí. Verna Tuttle, obìnrin tó ń kan òrùlé jẹun, tó jẹ́ olórí ogun kejì, fi idà bà á lórí lọ́dún kan débi pé àṣíborí rẹ̀ tẹ̀.

"Kò wọlé," ni Grady wí. "Eṣinṣin ló bà lé mi."

Nítorí pé ó ń borí ṣáá, wọ́n ní kó tún òfin ogun kọ. Ó kọ ọ́. Ó ní kí alààyè má jáde ní pápá mọ́. Ó lé àwọn agbomi tó máa ń wọ àárín ogun, omi wá di ti òkú nìkan. Paríparì rẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá pàdánù yóò ká àsíá rẹ̀ nílẹ̀ títí láé. Àyà Verna já. Èèyàn mọ́kàndínlógún péré ló ní, pẹ́pẹ́yẹ funfun tó wà lára àsíá wọn, ìyá rẹ̀ ló fi aṣọ fèrèsé rán an lọ́dún tí ìyá náà fi ayé sílẹ̀.

"Grady, ta ni yóò fún alààyè lómi?" ni Verna bi í.

"Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ́, kú." Àwọn èèyàn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Kí ẹnikẹ́ni má sì díbọ́n kú torí omi o. Ẹni tí idà ò bá bà, kò kú."

Ottilie Kasper, ìyá àgbà tó ń bójú tó pápá, tó sì ń bá wọn kọ òfin sínú ìwé, gbé kálàmù sókè. "Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, màmá. Kẹ́ ẹ má sì yí i padà fún ẹnikẹ́ni."

Bí a bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, kí a má gbẹ́ ẹ jìn. Ti Grady ti jìn jù.

Lọ́jọ́ ogun, oòrùn mú bí ẹni fẹ́ yan èèyàn jẹ. Verna pe àwọn tirẹ̀ jọ.

"Kí ẹnikẹ́ni má lu Grady."

"Ọ̀tá wa gan-an ńkọ́?" ni ọ̀kan bi í.

"Ẹ lu àwọn yòókù. Ẹ fi òun sílẹ̀ fún oòrùn. Láti oṣù karùn-ún ni mo ti wà lórí òrùlé. Òun ńkọ́? Inú òtútù ló ti ń bọ̀."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n. Wọ́n fi asà yí Verna ká, wọ́n sì dúró. Ẹni tí idà bá bà nínú wọn á sọ pé òun kú, á lọ mu omi, á padà. Verna fúnra rẹ̀ kò mu nǹkan kan. Ẹ̀rù ń bà á, nítorí ó mọ̀ pé bí idà kan péré bá ba òun, òun yóò sọ ọ́, pẹ́pẹ́yẹ ìyá òun yóò sì lọ.

Ó tó wákàtí kan àbọ̀. Àwọn èèyàn Grady tó kú kò yára padà mọ́. Abẹ́ igi létí okùn ti dùn mọ́ wọn.

"Ẹ padà wá!" ni Grady ń pariwo.

"Òkú ni wá, ọ̀gá," ni ọ̀kan dáhùn, ife lọ́wọ́.

Ahọ́n Grady ti lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Ó rìn gbéregbère lọ bá ìyá àgbà tó jókòó ti omi létí okùn. "Màmá, mo ti kú."

"Ta ló pa ọ́?"

Grady nawọ́ sí ife omi.

"Ẹni tí idà ò bá bà, kò kú," ni ìyá àgbà wí. "Ìwọ lo ní kí n kọ ọ́. Bí ó bá rẹ̀ ọ́, sọ pé o túúbá, omi rèé."

Kàkà kó túúbá, èyí tí ìgbéraga rẹ̀ kò gbà, ó yí padà sí ọ̀dọ̀ Verna. "Verna, jọ̀ọ́. Lù mí."

"Kò ní wọlé."

"Lù mí, mo bẹ̀ ọ́."

Verna na idà rẹ̀, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ kan àṣíborí náà bí ẹni ń kanlẹ̀kùn aládùúgbò.

"Ṣé ó wọlé?" ni Verna bi í.

"Ó wọlé."

"Mi ò gbọ́."

"Ó wọlé! Mo ti kú!"

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ariwo ayọ̀ sọ, àní láàárín àwọn èèyàn Grady pàápàá. Wọ́n gbé àsíá pẹ́pẹ́yẹ ká pápá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Verna ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, kó tó mu omi, ó bu ife àkọ́kọ́ fún Grady.

Òfin Grady ló mú Grady. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ká àsíá rẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn. Wọ́n gba kálàmù òfin lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n dá àwọn agbomi padà sáàárín ogun, wọ́n sì fi òun ṣe agbomi àkọ́kọ́. Títí di òní, bí oṣù keje bá dé, ẹ ó rí i tó ń gbé korobá lọ gbé e bọ̀.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí kò farasin. Ẹni tí a bá fún ní kálàmù òfin, kó rántí pé òun náà ń bọ̀ wá gbé abẹ́ rẹ̀. Kí a má ṣe dí ojú ọ̀nà omi torí ọ̀tá, òùngbẹ kò mọ olórí ogun. Bí wọ́n bá sì lù wá lójú ìjà, ẹ jẹ́ ká tètè sọ pé ó wọlé. Ẹni tó bá gbà pé òun kú, á mu omi, á sì padà wá jà.