Ìwọ̀n Fẹ̀hìntọlá

"Ẹ bọ́ bàtà, ẹ tú gèlè," ni nọ́ọ̀sì wí, ṣùgbọ́n Fẹ̀hìntọlá ti gun òṣùwọ̀n. Dókítà ti ní kò gbọdọ̀ lóyún mìíràn, àfi bí ó bá sanra díẹ̀ sí i.

"Kílò méjìlélógójì!" Nọ́ọ̀sì fẹ́ràn ìṣirò yìí. Ó pín in sí gíga obìnrin náà, mítà kan àbọ̀, ó tún pín èsì rẹ̀ sí mítà kan àbọ̀. "Méjìdínlógún àbọ̀ là ń wá. Tiyín tiẹ̀ lé díẹ̀. Ẹ ti ń jẹun nìyẹn!"

"Ṣé mo lè lóyún báyìí?"

"Ẹ dúró ná. Kí ló wú nínú ìró yín yẹn?"

"Táíwò ni." Ó yọ ère igi kékeré kan, ó gbé e sórí tábìlì.

Ohùn nọ́ọ̀sì rọ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Kẹ́hìndé ńkọ́? Ṣé ó wà nílé?"

Fẹ̀hìntọlá yọ ère kejì. Ọwọ́ òṣùwọ̀n lọ sílẹ̀ sí mọ́kànlélógójì.

"Kò tó mọ́, ìyá."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbé wọn padà, kí ẹ tún mi wọ̀n. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè Ìdòwú lọ́wọ́ mi."