Omi Tí Ìyá Oyèníran Dà Sílẹ̀ ní Gáráàjì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ohùn mi kò lọ jìnnà mọ́. Ní Òṣogbo, ní àdúgbò tí mo ti gbé rí, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Oyèníran. Ọmọ dáadáa ni. Ó ń ṣiṣẹ́ kára, ó sì fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé ó bẹ̀rù ohun tí aráyé máa wí ju ohunkóhun lọ. Bí ẹnì kan bá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀ lásán, á wo bàtà ara rẹ̀, á tún wo ẹ̀wù rẹ̀.

Nígbà tó fẹ́ ra ilé, ó ní ìyá òun kò ní dá gbé lábúlé mọ́. Ó rí ilé kan tó wù ú. Ilé náà ní gáráàjì tí ọkọ̀ ń sùn sí, yàrá kan sì wà tó jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló là á láàárín òun àti gáráàjì náà. Yàrá yẹn ló fẹ́ fún ìyá rẹ̀, torí pé kò ní àtẹ̀gùn, orúnkún sì ti ń dun màmá. Lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ yẹ ilé náà wò, ó mú màmá dání.

Oyèníran yẹ gáráàjì wò lójú tirẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn irin, ó tì í. Ó tan iná, iná tàn. Ó fi ẹsẹ̀ wọn ibẹ̀ bóyá ọkọ̀ rẹ̀ á gbà. Òórùn ọ̀dà tuntun ṣì wà lára ògiri, inú rẹ̀ sì ń dùn. Múkáílà, ajẹ́ntì tó mú wọn wá, ń yin ilé náà bí ẹni ń yin ìyàwó tuntun.

Ìyá Oyèníran kò wo ọ̀dà rárá. Nígbà tí agbára ṣì wà, òun ni wọ́n máa ń pè lábúlé láti wá pa ilẹ̀ ilé tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ, kí ó lè tẹ́jú dáadáa. Ó bu omi sínú abọ́ kan, ó dà á sílẹ̀ láàárín gáráàjì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò ó.

Múkáílà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ètùtù ni?"

Ojú ti Oyèníran. "Màámi, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́! A ò sí lábúlé. Ẹ má dójú tì mí."

"Oyè, mo kàn fẹ́ wo..."

"Ó ti tó, Màámi. Ẹ lọ jókòó sínú ọkọ̀."

Màmá gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ jókòó. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Oyèníran ti ra ilé náà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n kó wọlé, gbogbo nǹkan sì dára. Nígbà tí òjò dé, màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Oyèníran ra oògùn, màmá lò ó, ó dúpẹ́, ó sì ń wúkọ́ lọ. Màmá fúnra rẹ̀ ló ń gbá yàrá rẹ̀, pálọ̀ ló ti ń jẹun, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé tọ̀ ọ́. "Kò sí nǹkan kan," ló máa ń wí. "Ara àgbà ni."

Ní àárọ̀ Sátidé kan, màmá kò jáde. Oyèníran gbé ògì gbígbóná lọ fún un. Ó ti ilẹ̀kùn, kò ṣí tán. Ó fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Bẹ́ẹ̀dì màmá ló dí ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀dì tí Oyèníran fúnra rẹ̀ gbé sí ẹ̀bá ògiri gáráàjì! Ó wo ilẹ̀, ó rí ojú ibi tí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ti họ ọ́, ibi kan, ibòmíràn, ibòmíràn. Ìyá arúgbó yìí ti ń wọ́ ọ kúrò nídìí ògiri díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún. Ògiri náà ti rin gbingbin dé àyà ènìyàn. Àwọn aṣọ inú àpótí tó wà nídìí ògiri náà ti bu.

"Màámi, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

Màmá fa ìbora mọ́ra. "Ọjọ́ tí mo da omi sílẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ọ́. Omi yẹn ò ṣàn síta. Inú ló ṣàn wá, ó lọ tààrà sí ibi tí ògiri yìí ti lanu nísàlẹ̀, ó sì wọlé síbẹ̀. O ní kí n má dójú tì ọ́." Ó wúkọ́ díẹ̀. "Bí mo bá wá ń ráhùn nísinsìnyí, aládùúgbò á gbọ́ pé omi ń wọ ilé Oyè. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣẹlẹ́yà, ọmọ mi."

Oyèníran dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tútù yẹn, ó sì sunkún bí ọmọdé. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, nígbà tí mo gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló gbé ìyá rẹ̀ lọ sí yàrá tí òun fúnra rẹ̀ ń sùn. Ó pe bíríkìlà, wọ́n fọ́ ilẹ̀ gáráàjì, wọ́n tún un ṣe kí omi lè máa bọ́ síta. Gbogbo àdúgbò dúró, wọ́n ń wòran, wọ́n ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé tuntun. Oyèníran kò sá wọlé. Ó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Màámi ti rí i kí n tó ra ilé yìí. Èmi ni mo ní kí wọ́n dákẹ́." Ilẹ̀ gbẹ, ògiri gbẹ, ṣùgbọ́n ikọ́ màmá kò lọ bọ̀rọ̀. Títí ọyẹ́ fi dé, bí Oyèníran bá ti gbọ́ ọ, á dìde nídìí oúnjẹ, á lọ wo màmá.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá lọ yẹ ilé wò, ẹ má wo ọ̀dà nìkan. Ẹ wo ibi tí ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí, ẹ wo ìdí ògiri, ẹ wo àjà bóyá òjò ti fi àmì sí i. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ni pé kí ẹ má ṣe torí ojú ayé pa ẹni tó fẹ́ràn yín lẹ́nu mọ́, nítorí ìfẹ́ yẹn náà lè mú kí ó máa jìyà lọ, kí ó má sọ. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́: bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.