Ẹ̀rọ Ìyá Euphrasie ní Kèrè

"Ràṣídì, o ti pa mí!"

Àárín ọjà Dassa ni Théodore ti ń pariwo, rulumá ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún 1966 ni. Théodore ló ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo ṣe káàkiri abúlé. Ràṣídì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló ń ta rulumá fún un, irin róbótó tó ń jẹ́ kí ọ̀pá ẹ̀rọ yí geere.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ Ìyá Euphrasie ní abúlé Kèrè ò gbádùn. Bí Théodore ṣe ń tún un ṣe ló ń bàjẹ́. Àwọn oníbàárà ti ń sá fún Théodore.

"Ayédèrú lo ń tà fún mi!"

"Mo fi Ọlọ́run búra, ojúlówó ni."

Théodore tutọ́ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ parí síbẹ̀.

Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó forí lé Kèrè láti lọ bẹ Ìyá Euphrasie.

Ó bá a tó kúnlẹ̀ ti ẹ̀rọ, tó ń bu iyanrìn sínú rulumá tuntun.

"Ìyá! Kí ni mo ṣe fún yín?"

Obìnrin náà ò sá. Ó gbọn iyanrìn ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Nígbà tí ẹ̀rọ yìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ̀ẹ̀rùn méjì kọjá, o ò yọjú."

"Ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́! Mo ti bú Ràṣídì lójú gbogbo ọjà. Kí ni kí n sọ fún un?"

"Sọ fún un pé ìyá tó bí ọ ló ń wá bí yóò ṣe rí ọ."