Ìgbà Kẹrin Tí Ẹ̀gbọ́n Dá Kóòdù Mi Padà

Ẹ̀gbọ́n tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò ní ọ́fíìsì tún ti dá kóòdù mi padà. Ìgbà kẹrin rèé!

Bí kò bá fọwọ́ sí i lónìí, wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì.

Inú kánẹ́ẹ̀lì, ọkàn kọ̀ǹpútà gan-an, ni kóòdù náà ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ka àṣẹ tí wọ́n fi tan ètò kọ̀ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Àṣìṣe bíńtín níbẹ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà á dákú.

"Àbúrò, ètò ní ọ̀rọ̀ òun gùn tó báyìí, o sì gbà á gbọ́. Tó bá ń parọ́ ńkọ́?"

"Mo ti fi òdiwọ̀n sí i, ẹ̀gbọ́n."

"Tó bá yí ọ̀rọ̀ padà níbi tó o ti ń kà á ńkọ́?"

"Mo ti kọ́kọ́ dà á kọ síbòmíì."

"Tó bá wá kú mọ́ ọ lọ́wọ́?"

"Mo ti di ìrántí kọ̀ǹpútà tó ń lò mú. Kò ní bọ́."

Ẹ̀gbọ́n ń làágùn nínú afẹ́fẹ́ tútù ẹ̀rọ amúlétutù. "Ó ṣì kù díẹ̀ káàtó. Padà wá lọ́la."

Ọ̀gá àgbà dá sí i, ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n. "Lọ́la wo? Ẹ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tìrẹ."

"Tèmi kẹ̀?" ni ẹ̀gbọ́n béèrè.

Mo tẹ bọ́tìnnì. Kọ̀ǹpútà kò dákú. Àṣẹ tí ẹ̀gbọ́n fi tan ètò orí rẹ̀ ń yọ lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá ojú ògiri, gbogbo ọ́fíìsì ń kà á:

Géèmù bọ́ọ̀lù. Ìpele: ọmọ ọdún mẹ́ta. Orúkọ eléré: Kìnnìún Pápá.

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí kóòdù mi wàrà-wàrà.

"Iṣẹ́ ti dáa, àbúrò. Jọ̀ọ́, pa tẹlifíṣọ̀n ojú ògiri yẹn."